Ìwé Méjì Lórí Tábìlì Kan

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ àpilẹ̀kọ nípa omi ẹ̀rọ ìlú Èkó, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lóde òní ni pé wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, wọ́n á kó ohun mẹ́ta mẹ́rin tó bá kọ́kọ́ yọjú, wọ́n á sì máa yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ títí ojú ìwé á fi kún. Máàkì lè wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka mẹ́wàá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ló kà. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ omi Ìjù ní 1910, pé omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní 1915. Kò ní sí ọ̀kan tó máa béèrè ìdí tí inú fi ti ń bí àwọn ará Èkó sí omi náà láti 1908, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Omi Èkó yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ilé-ìkàwé fún ìwádìí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri àwọn ilé-ìkàwé wa: ó wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ó wà nínú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n, ó wà nínú lẹ́tà àwọn tó jà, ó sì wà nínú fáìlì àwọn tí wọ́n bá jà. Èmi gbà pé ibi tí ẹ̀rí méjì bá ti tako ara wọn ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, ilé-ìkàwé ni èèyàn sì ti lè gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì kan náà kó wò wọ́n fínnífínní.

Ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. “Omi ẹ̀rọ ní Èkó” kì í ṣe ìbéèrè, orúkọ nǹkan ni. Bí a bá gbé e wọ ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé tó bá ti dárúkọ omi ni yóò dà bí èyí tó wúlò. Àmọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, “Ta ni owó omi yẹn máa ni lára jù, ilé ta sì ni omi náà máa kọ́kọ́ dé?”, ó ti mọ ohun tó ń wá: àwòrán ilẹ̀ ìlú Èkó ìgbà náà, òfin tó fi owó omi lélẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílé, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláṣẹ. Ìbéèrè yẹn lè yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tiẹ̀ yẹ kó yí padà, nítorí ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kò yí rárá láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó parí iṣẹ́, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló lọ ń wá.

Kí ìbéèrè tó ní ojútùú bẹ́ẹ̀ tó jáde, èèyàn ní láti mọ ìtàn náà lóréfèé. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìkàwé fi ní apá kan tó kún fún ẹnsaikilopíídíà, ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá àti àwọn ìwé mìíràn tí wọn kì í jẹ́ kí a gbé jáde. Wákàtí kan níbẹ̀ ti tó. Èèyàn á mọ̀ pé ìgbà Gómìnà Walter Egerton ni ìjọba amúnisìn pinnu láti fa omi wọ Èkó, kí ará ìlú sì san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ní kànga. Lójú wọn, òyìnbó ló fẹ́ omi, òyìnbó náà ni kó sanwó. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People’s Union sílẹ̀ ní 1908 láti bá ètò náà jà. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wà lára àwọn tó gbóhùn sókè. Orúkọ àti ọdún ti wá wà lọ́wọ́ báyìí, a sì lè kọjú sí kátálọ́ọ̀gù.

Kátálọ́ọ̀gù ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ilé-ìkàwé ní. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, orí kọ̀ǹpútà ló wà báyìí, Koha sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ má ṣe torí ìyẹn gan àpótí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kì í ṣe gbogbo ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ l’Ékòó ní 1910 sì lè jẹ́ pé orí káàdì nìkan ló wà.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá nǹkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣètò ìwé ń lò. Ọmọ náà tẹ “Lagos tap water”, kò rí nǹkan kan, ó ní ilé-ìkàwé kò ní ìwé. Ilé-ìkàwé ní in. Water-supply ni wọ́n pè é nínú kátálọ́ọ̀gù, pẹ̀lú orúkọ Nàìjíríà àti Èkó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: ẹ wá ìwé kan ṣoṣo tó dára lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ wo àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi àwọn yẹn wá ìyókù. Ìwé kan á pe méje jáde.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò Library of Congress, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515, ti àwọn Yorùbá sì wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nìkan yóò pàdánù TD, níbi tí ìwé ìpèsè omi àti ìmọ́tótó ìlú wà. Yóò pàdánù RA, tí í ṣe ti ìlera ará ìlú, àti JS, tí í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi Èkó wà ní gbogbo ibẹ̀, torí pé àìsàn, owó orí, pọ́ńpù àti òṣèlú ló so pọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá sì dé ìdí ìwé tí ẹ wá, ẹ má kàn yọ ọ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ ka àkọlé àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ìwé tó ran iṣẹ́ mi lọ́wọ́ jù nígbà kan, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ rí kí ojú mi tó kàn án níbi tí ọwọ́ mi ti ń wá òmíràn.

Fún omi Èkó, ìwé méjì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò dá. Ọ̀kan ni Modern and Traditional Elites in the Politics of Lagos tí Patrick Cole kọ, tó jáde ní 1975. Èkejì ni Infrastructure Development and Urban Facilities in Lagos, 1861–2000 tí Ayọ̀dèjì Olúkòjú kọ, tí wọ́n tẹ̀ n’Íbàdàn ní 2003. Ti àkọ́kọ́ ń wo àwọn èèyàn, bí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ìjòyè ṣe ń bá ara wọn ṣe tàbí tí wọ́n ń ta ko ara wọn. Ti èkejì ń wo àwọn ohun amáyédẹrùn fúnra wọn. Ẹ kò ní láti kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ kí ẹ mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń jà fún, ẹ wo atọ́ka tó wà lẹ́yìn, kí ẹ lọ sí ojú ìwé tí wọ́n ti dárúkọ omi, owó omi, Egerton, Randle, Macaulay. Orí tó bá kún fún orúkọ wọ̀nyí ni kí ẹ jókòó ti, kí ẹ kà á tinútinú.

Ibi tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ sí jù lọ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá sọ pé ìjọba gbà pé omi kànga ló ń fa àìsàn, nọ́ńbà kékeré kan á wà lẹ́yìn gbólóhùn náà, nọ́ńbà ọ̀hún á sì tọ́ka sí ibi tó ti rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fò. Bẹ́ẹ̀, bí ìdílé tó fẹ́ gbé ìyàwó ṣe ń rán alárinà lọ wádìí ilé àna kí wọ́n tó di ẹrù ìdána, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ilé tí ọ̀rọ̀ kan ti wá kó tó gbà á wọlé. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀ fún un? Ẹ ó rí i nígbà mìíràn pé ìwé mẹ́ta sọ ohun kan náà, ó wá dà bíi pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ lé nọ́ńbà inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́tà kan ṣoṣo tí gómìnà kọ sí London ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n, òun náà ló sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ omi. Ẹni tó bá ti rí èyí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní ka ìwé bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló máa gbé wa dé ìdí ìwé ìròyìn. Ní 1908, ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record, tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ l’Ékòó, kò sì bẹ̀rù ìjọba. Ní 1914, Kitoye Ajasa dá Nigerian Pioneer sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ̀yìn ìjọba ló wà. Ẹ wo oore tí èyí ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́: láti ìgbà tí Pioneer ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè gbé ìwé ìròyìn méjèèjì ti ọ̀sẹ̀ kan náà síwájú ara yín, kí ẹ ka ohun tí ọ̀kan kọ àti ohun tí èkejì kọ nípa owó omi, kí ẹ sì ka ohun tí ọ̀kan pariwo rẹ̀ tí èkejì dákẹ́ sí. Dídákẹ́ náà jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Pioneer kò tíì sí ní 1908, nítorí náà ohùn alátìlẹ́yìn ìjọba ní ọdún yẹn kò lè ti ibẹ̀ wá; inú ìwé ìjọba ni kí ẹ ti lọ wá a. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìwé ìròyìn kan àti ohun tó ń jà fún, Press and Politics in Nigeria, 1880–1937 tí Fred Omu kọ ni kó kọ́kọ́ kà.

Kíka ìwé ìròyìn àtijọ́ gba sùúrù. Orí máíkírófíìmù ni òmíràn wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á sì nílò iná. Bébà òmíràn ti gbẹ débi pé bí ẹ bá ṣí i pẹ̀lú agbára, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá ṣí ìdìpọ̀ ìwé ìròyìn kan tí mo bá a pé ẹnì kan ti fi abẹ ge àpilẹ̀kọ kan kúrò. Ẹni náà rí ohun tó wá, ṣùgbọ́n ó ti pa á mọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lójú, ohun tó gé náà sì lè máà sí níbòmíràn mọ́. Fọ́tókọ́pì wà, kámẹ́rà fóònù wà níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Kò sí àwáwí kankan fún abẹ.

A ti dé ibi tó dùn mọ́ mi jù. Ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé Herbert Macaulay lọ́wọ́: lẹ́tà rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun tó gé pamọ́ látinú ìwé ìròyìn. Inú ilé yẹn náà ni ìwé tí Henry Carr kó jọ wà, ọ̀kan lára àkójọ ìwé tó tóbi jù tí ọmọ Nàìjíríà kankan ní nígbà ayé rẹ̀. Carr àti Macaulay kì í ṣe ọ̀rẹ́. Carr jẹ́ aláṣẹ ìjọba l’Ékòó títí di 1924, Macaulay sì wà lára àwọn tó ta kò ó kíkankíkan. Akẹ́kọ̀ọ́ òní lè béèrè fún ohun tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ní 1950 pẹ̀lú, òfin sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé náà. Nítorí ìyẹn ni ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ kò lè rí rà níbikíbi fi lè wà níbẹ̀.

Nínú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà ni ẹ̀ka Ìbàdàn ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, tí a mọ̀ sí National Archives, wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike fúnra rẹ̀ ló ṣe wàhálà tí ìjọba fi gbà láti dá a sílẹ̀ ní 1954, nítorí ó rí i pé fáìlì ń jẹrà, ikán sì ń jẹ òmíràn káàkiri ọ́fíìsì ìjọba. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí ilé-ìkàwé. Kò sí pẹpẹ tí ẹ lè rìn lọ sí. Wọ́n á béèrè lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, ẹ ó jókòó ka ìwé atọ́ka, ẹ ó kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì lọ gbé e wá. Ẹ mú pẹ́ńsù lọ, nítorí yíǹkì lè ba ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́. Fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CSO, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba ló ti wá. COMCOL jẹ́ ti kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó Èkó. Inú irú àwọn fáìlì báyìí ni ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú máa ń wà, pẹ̀lú ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọwọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá ará ìlú lóhùn máa ń lọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ni ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn kọjá ẹni tó lè gbà wọ́n là ní gbogbo ìrìn yìí. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kì í ṣe ẹni tó kàn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́, wọ́n sì mọ àpótí tí kò sí nínú kátálọ́ọ̀gù kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ ilé-ìwé á dé, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ìwé lórí omi.” Kí ni kí wọ́n ṣe sí ìyẹn? Ẹ jẹ́ kó rí báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà l’Ékòó láti 1908 sí 1916 ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Mo ti ka Cole àti Olúkòjú, mo sì ti rí Record ti 1908. Ohun tí mi ò tíì rí ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílé tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n san owó náà.”

Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ báyìí ti fi han ìyá náà pé òun ti ṣe ipa tòun. Wọ́n á bọ́ jígí, wọ́n á ronú, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sàn-án. Mo ti rí i tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mú kí àgbà òṣìṣẹ́ kan dìde lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún láti ọdún pípẹ́ jáde.

Ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ohun èlò ilé-ìkàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àkójọ jọ́nà bíi JSTOR, yunifásítì ló ń gba àyè wọn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹ má fi owó ara yín ra ohun tí iléèwé ti gbà fún yín. Ẹ ó rí jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Nàìjíríà, Journal of the Historical Society of Nigeria, níbẹ̀. AJOL, tó wà ní South Africa, kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún sípẹ́lì o. Orúkọ ọba Èkó ìgbà náà, Èṣùgbàyí Elékòó, máa ń jẹ́ Eshugbayi níbì kan, Esugbayi níbòmíràn, ibòmíràn kàn ní Eleko. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n. Bí ẹ bá wá ọ̀kan ṣoṣo, ìyókù á sọnù. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi OR sí àárín wọn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, bíi ChatGPT, sì máa ń dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ òǹkọ̀wé. Ìwé tí ẹ kò bá tíì fi ojú ara yín rí nínú kátálọ́ọ̀gù tàbí jọ́nà, ẹ má fi sínú iṣẹ́ yín.

Ó ku àkọsílẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan látinú ìwé kan, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọdún àti ojú ìwé. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, iwájú ìwé tàbí èèpo fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí àwòrán tó tẹ̀ lé e lè mọ ilé rẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé sọ gan-an, ẹ fi àmì àyọlò sí i. Ohun tí ẹ̀yin rò nípa rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ibòmíràn, tàbí kí ẹ fi bírò àwọ̀ mìíràn kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ ẹlòmíràn kàn, kì í ṣe olè. Wọn kò kàn lè mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ara wọn ni.

Bí ẹ bá wá jókòó láti kọ ọ́, ẹ má ṣe pa ìjà inú rẹ̀ rẹ́. Ó máa ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bíi kó mú Record tàbí kó mú Pioneer, kó gbà á lóòótọ́, kó gbàgbé èkejì. Ẹ sọ fún òǹkàwé pé báyìí ni ìwé ìròyìn alátakò ṣe kọ ọ́, báyìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe kọ ọ́ nínú fáìlì tí kò rò pé ará ìlú á rí láéláé, ohun tí mo sì rò pé ó fa ìyàtọ̀ náà nìyí. Ojú ìwé kan tí ẹ fi ṣe èyí tó ogún ojú ìwé ìtàn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì náà pé pérépéré, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ta ko èrò yín lè lọ béèrè fún un, kó kà á fúnra rẹ̀.